Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Àwòdì Kejìlá Kúrò Nínú Ìwé

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Fọláhànmí," Ẹlẹ́rìí wí láti ara ògiri. "Pátákó mélòó la ó tú lónìí?"

Akínsùúyì so awọ iṣẹ́ mọ́ ìdí, ó mú sípánà kan nínú àpótí, ó sì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tí ẹnikẹ́ni ní ẹsẹ̀ Òkè Omi kò ti fi orúkọ ọmọ yẹn pè é mọ́. "Ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pè é, tàbí "Bàbá" lásán. Àwọn tí kò mọ èyí tí wọn ìbá pè é a kàn juwọ́ sí i, wọn a sì yára kọjá. Ẹlẹ́rìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún. Ojú dígí kan ni, kò tóbi ju ẹyin àdìẹ lọ, tí wọ́n rì mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìlọ̀ tó ń rún ohun àlòpatì. Ó ń wò, ó ń gbọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fọ̀. Akínsùúyì lè ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Morádékẹ́ wọlé pẹ̀lú ife ògì gbígbóná lọ́wọ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ilé-iṣẹ́ Òkè ti fẹ́ ka Ìwé Ọdún ohun èlò."

Ọdún kejìlá rèé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Akínsùúyì a tú àlòkù pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, Morádékẹ́ a jẹ́rìí sí i, àwọn méjèèjì a sì tẹ àtàǹpàkò fún Ẹlẹ́rìí kí ẹ̀rọ tó gbé e mì. Obìnrin náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà nínú ọgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nígbà náà gan-an.

"Àwọn ohun tó wọlé fún ìgbà yìnyín tó ń bọ̀. Àwòdì Kẹtàlá, pátákó àwọn agunpátákó, aláwọ̀ ewé. Bàtà tó ń so ara rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó ń gbóná bí ọwọ́ bá fẹ́ kú. Akoto tó ń sọ̀rọ̀ sí etí ọ̀tún nìkan."

"Etí ọ̀tún nìkan?" Morádékẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ni etí òsì fi ṣẹ̀ wọ́n?"

"Àwọn ohun tó jáde. Ìbọ̀wọ́ onírun. Awò olójú kan. Àwòdì Kejìlá, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìdí rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ kò wu ojú mọ́."

Sípánà dúró lọ́wọ́ Akínsùúyì.

"Àwọ̀," ó wí.

"Àwọ̀ ni wọ́n wí, ẹ̀gbọ́n."

"Ọdún mẹ́fà la fi lo Àwòdì Kẹwàá. Kọkànlá lo márùn-ún. Kejìlá ò lò ju ọdún kan péré lọ. Ìgbà wo ni Ilé-iṣẹ́ Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀?"

"Bóyá wọ́n ti gba ọ̀gá kan tó ń ta aṣọ tẹ́lẹ̀." Morádékẹ́ bu ògì mu. "Ọdún tó ń bọ̀, wọn á ní yìnyín funfun jù, kí a pa á láró."

Akínsùúyì kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí òjò ti kọ ilẹ̀ yìí sílẹ̀, yìnyín tí ẹ̀rọ ń tu sórí Òkè Omi láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kìn-ín-ní ni gbogbo oko ìsàlẹ̀, títí dé Ọ̀wọ̀, ń mu nígbà tí oòrùn bá yọ́ ọ. Ní òròòwúrọ̀ ni àwọn agunpátákó ń yọ̀ bọ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń wo ibi tí yìnyín ti fẹ́lẹ́ àti ibi tí páìpù ti ń jò. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré. Ẹni tí òtútù ń mú kí imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ kì í bèèrè àwọ̀ pátákó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ẹsẹ̀ Morádékẹ́. Bàtà funfun ni obìnrin náà wọ̀, kò ní okùn. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹnu bàtà náà fún ara rẹ̀ pọ̀, ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá pòṣé. Wọn ò tíì ka Ìwé Ọdún tán nínú ọgbà. Ohun tuntun kankan kì í sì í jáde ní ilé ẹrù kí oòrùn tó kan àtàrí. Akínsùúyì rí i, ó fi sínú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè dé. Òun ni Ilé-iṣẹ́ Òkè fi ṣe olórí gbogbo ohun èlò. Akínsùúyì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í kí ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lónìí, ó kí i kú àárọ̀, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú òtútù, ó bèèrè eékún rẹ̀, ó tún wá kí i kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, Kejìlá ló gbé mi wá. Ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tu yìnyín ní ìdájí ọ̀la, a ò sì fẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo ṣẹ́kù nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń kó wọn bọ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, kí gbogbo wọn ti wọnú ẹ̀rọ."

"Títú wọn á gbà tó ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá."

"Ẹ má wulẹ̀ tú wọn. Ẹ jù wọ́n sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe wà."

"Pẹ̀lú irin?"

"Pẹ̀lú irin."

"Irin á ká eyín ẹ̀rọ yìí."

"A ó ra eyín mìíràn, bàbá. Kí ni eyín?"

Akínsùúyì wò ó. Ọkùnrin yìí kan náà ló mú kí ó fi orúnkún rá lábẹ́ tábìlì ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó já bọ́.

"Ẹlẹ́rìí á bèèrè ìdí lọ́wọ́ wa."

"Ìdí mẹ́ta náà ló mọ̀: ó gbó, ó ṣẹ́, àṣà rẹ̀ ti kọjá. Ẹ sọ pé àṣà rẹ̀ ti kọjá, kí ẹ tẹ àtàǹpàkò. Ẹ rántí ọdún tí ẹnì kan la ẹnu sọ pé 'ó ṣẹ́' lórí bàtà kan? Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ẹlẹ́rìí fi ti òkè pa. Àwọn ará ìsàlẹ̀ to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ títí ẹnu fi gbẹ. A ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun mìíràn ni pé mo fẹ́ kí ìyá yìí máa já ẹrù fúnra rẹ̀ lónìí. Kí ojú yín má lọ bá ohun tí kò yẹ kó bá pàdé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àṣà, bàbá, àwa náà sì bọ̀wọ̀ fún un."

Ó wo Morádékẹ́ fìrí. Morádékẹ́ wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà sì jáde.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù wa ara rẹ̀ wọlé, Morádékẹ́ tí kì í dìde títí yóò fi mu ògì tán ti dé ìdí rẹ̀. Ó ń yí àwọn pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá nǹkan. Lójijì ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó dà á bo ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí ògiri."

Ó ti pẹ́ jù. Akínsùúyì ti rí etí irin rẹ̀ kó tó bò ó, àti gígé kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e síbẹ̀, kí pátákó Fọláhànmí má baà pòrúurùu mọ́ ti àwọn yòókù.

Ó dìde. Ó kọjú sí ògiri.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún un ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí Fọláhànmí já bọ́ lórí òkè, tó sì kú. Bàbá kì í wo òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í fọwọ́ kan ohun tí ọmọ fi sílẹ̀. Wọ́n ní ojú tó bá rí i kò ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ló sin ín. Akínṣọlá, àbúrò Akínsùúyì, ló kó pátákó, bàtà, akoto, títí kan ife tí ọmọ náà fi ń mu omi, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé Ilé-iṣẹ́ Òkè lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bèèrè nǹkan kan. Ta ni yóò bèèrè? Ẹni tó mọ pátákó jù lọ ní gbogbo òkè náà ni àṣà ní kó gbójú kúrò. Ohun tí Ilé-iṣẹ́ kọ ni wọ́n kà sí i létí: "Kò de ìdè ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa." Nítorí gbólóhùn yẹn, wọn kò gbẹ́ orúkọ ọmọ náà sára àpáta ẹnu ọ̀nà òkè, níbi tí orúkọ àwọn agunpátákó tó kú sẹ́nu iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú kì í sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ pọnmi, kó má baà rí àpáta náà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fọláhànmí wà nígbà tí Akínsùúyì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de ìdè tó ń so ẹsẹ̀ mọ́ pátákó. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń da gbólóhùn yẹn rò, kò sì gbé e mì.

Morádékẹ́ gbé pátákó náà, ó ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Bó ṣe ń rìn, nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀. Kó. Kó. Nọ́ọ̀tì tó tú kì í dún bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó tú a máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Dúró," Akínsùúyì wí fún ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tètè—"

"Ta ló fún ọ ní bàtà yẹn?"

Obìnrin náà gbé pátákó náà lé tábìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè ni. Lánàá. Ó wá sílé wa. Ó ní Ìrètíọlá ọmọ mi ti rí iṣẹ́ agunpátákó, ọ̀la ni yóò kọ́kọ́ gùn. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́ lọ́wọ́ mi, kí n rí i pé ojú yín kò kan pátákó ọmọ yín. Mo rò pé ó mọ ohun tó yẹ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún un."

"Ṣé ó wá kí wa nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé ó rán ẹnikẹ́ni?"

"Kò rán ẹnikẹ́ni."

"Àṣà wá di nǹkan tó ń dùn ún lónìí." Akínsùúyì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri. "Mi ò ní yíjú. Ìwọ ni kí o máa bá mi wò ó. Nọ́ọ̀tì mélòó ló wà lórí ìdè?"

"Mẹ́rin."

"Tún un kà."

"Mẹ́rin náà ni. Kò sí èyí tó sọnù."

"Fi sípánà sí èkíní. Má lo agbára, kàn gbé ọwọ́ lé e."

"Kò mì."

"Èkejì?"

"Kò mì. Ẹ̀kẹta kò mì. Ẹ̀kẹrin... háà, èyí dà bí ẹni pé iná ni wọ́n fi jó o mọ́ ọn."

Akínsùúyì gbé iwájú orí lé ògiri. Ògiri náà tutù. "Kí ló wá ń dún?"

"Àwo irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò. Yéè."

"Sọ̀rọ̀."

"Ó ti là sí méjì, ẹ̀gbọ́n. Láti ihò kan dé èkejì. Ihò wẹ́wẹ́ wà nínú irin náà bíi ti búrẹ́dì."

"Fa òmíràn nínú kẹ̀kẹ́. Èyí tí ẹni tó gùn ún ṣì wà láàyè."

Ó gbọ́ bó ṣe ń tú u, bó ṣe ń mí. Ó tú ọ̀kan, ó tú èkejì, ó tú ẹ̀kẹta.

"Ìlà wà lára wọn. Ó tín-ín-rín bí irun orí. Gbogbo wọn, níbi kan náà."

"Àwòdì Kẹtàlá kan wà nínú páálí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n kó wá fún wa láti kọ́ bí a ó ṣe máa tú u. Ṣí i."

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣí i kí—"

"Ìrètíọlá ló máa gùn ún lọ́la, àbí èmi?"

Ó gbọ́ bí páálí ṣe ya. Sípánà dún lára irin fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Morádékẹ́ fa àga, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n tì lulẹ̀.

"Àwo kan náà ni," ó wí. "Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí i lábẹ́. Wọ́n kàn fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún." Ohùn rẹ̀ lọ sókè lójijì. "Ẹlẹ́rìí! Ó ṣẹ́! Kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣẹ́!"

"Ìyá Ìrètíọlá, ẹlẹ́rìí kejì ni yín," ojú dígí náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni tó ń tú ló ń sọ ìdí. Bàbá Fọláhànmí, ṣé ẹ rí i?"

"Mo gbọ́ ọ," Akínsùúyì wí.

"Mi ò bèèrè ohun tí ẹ gbọ́."

Kẹ̀kẹ́ ẹrù mìíràn ń sún bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ìlọ̀ ń kùn lábẹ́ ojú dígí náà, ó ń dúró de oúnjẹ rẹ̀.

Akínsùúyì dúró síbẹ̀. Bó bá yíjú, kì í ṣe òun nìkan ni yóò yíjú. Bàbá rẹ̀ kò yíjú nígbà tí ẹ̀gbọ́n Akínsùúyì obìnrin kú, títí ọkùnrin náà fi wọlẹ̀ lọ ni kò mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Akínṣọlá kò ní jókòó tì í jẹun fún ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yóò rí i lójú rẹ̀ bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, kò sì ní nílò láti bèèrè. Àwọn ará ìsàlẹ̀ yóò to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sì mọ orúkọ ẹni tó fà á. Ó tún wá fura sí ara rẹ̀. Ṣé nítorí ọmọ Morádékẹ́ ni, tàbí nítorí pé ó wu òun kí wọ́n sọ pé òun kọ́ ọmọ òun dáadáa? Ó wá ìdáhùn títí, kò rí i. Ó rí i pé bí òun bá dúró di ìgbà tí òun yóò rí i, ilẹ̀ ọ̀la á mọ́, ọmọbìnrin kan á sì gun àwo irin búrẹ́dì yẹn láti orí òkè.

Ó yíjú.

Pátákó náà kéré ju bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ lọ. Ó ti ń retí ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ìda tó ń mú kí pátákó yọ̀ ló rí. Ìgbà àìmọye ló ti sọ fún ọmọ náà pé gígùn ni wọ́n ń fi ìda ra ojú pátákó, kì í ṣe ìbú. Ìbú ló ra á, láti òkè dé ilẹ̀, ó rọra ṣe é, ó sì ṣe é tán. Àpá ìka rẹ̀ kan wà nínú ìda náà, ní igun ọwọ́ òsì.

Morádékẹ́ bo ẹnu. Akínsùúyì gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi sí nọ́ọ̀tì kìn-ín-ní, kò mì. Ó fi sí èkejì, sí ẹ̀kẹta, sí ẹ̀kẹrin. Ọmọ náà a máa fún un le jù. Akínsùúyì ti bá a wí nítorí rẹ̀ rí.

Ó fa àwo irin náà jáde ní ẹ̀là méjì, ó tò ó sílẹ̀ lábẹ́ ojú dígí. Ó gbé ti Kẹtàlá tì í.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí. "Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ le. Ẹni tó gùn ún dè é bó ṣe yẹ. Àwo ló ṣẹ́. Àwo kan náà ló wà lára Kẹtàlá."

"Ta ló gùn ún?"

"Fọláhànmí."

"Ta ló tú u?"

"Èmi Akínsùúyì. Mo fi ojú mi rí i."

"Ẹ tẹ àtàǹpàkò."

Ó tẹ̀ ẹ́. Morádékẹ́ dìde, ó tẹ tirẹ̀, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ ìlọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹrù dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà, iná pupa sì tàn lórí rẹ̀. Ní òkè lọ́hùn-ún, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, iná àwọn ẹ̀rọ tó ń tu yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹlẹ́rìí ti ti òkè pa.

Àjíbóyè sáré wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ ṣe? Kí lẹ sọ fún un?" Ojú rẹ̀ bá tábìlì, ó sì yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Bàbá, ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú, gbogbo ènìyàn á gbọ́ yín yé. Àṣà ilẹ̀ yín ni, bàbá kì í wo ohun ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Ta ni yóò gba ẹ̀rí ẹni tó ṣe ohun èèwọ̀ gbọ́?"

"Mo ti wò ó," Akínsùúyì wí.

Ó ti pátákó náà síwájú títí orí rẹ̀ fi yọ ní etí tábìlì, ó kọjú rẹ̀ sí ọkùnrin náà.

"Ìwọ náà, wá wò ó."

Àjíbóyè kò sún mọ́ tábìlì. Akínsùúyì dúró dè é fún ìgbà tó tó. Nígbà tó rí i pé kò ní wá, ó jókòó, ó nawọ́ sínú kẹ̀kẹ́, ó fa Kejìlá mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.